Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kàwé dáadáa, kí ló dé tí wọ́n ń pín ayédèrú ìròyìn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà n'Íbàdàn jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé girama kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo ẹbí wa, àwọn ló kàwé jù. Síbẹ̀ àwọn náà ló ń kó ayédèrú ìròyìn wá sínú gúrúùpù wa lórí WhatsApp jù: lónìí líǹkì owó ìrànwọ́ ìjọba, lọ́la àgbo tó ń wo gbogbo àìsàn, tó bá di ọ̀túnla fídíò ìjà tí a ò mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Kí ló ń mú kí ẹni tó lọ́gbọ́n lórí báyìí máa gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́? Báwo la ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wa? Báwo ni mo sì ṣe máa bá wọn sọ ọ́ tí kò fi ní dà bíi pé mo ń yájú sí àgbà?

Ìdáhùn: Ọgbọ́n wọn ò dín kù. Ẹni tó ń pín ayédèrú ìròyìn kì í sábà yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn kó tó pín in, ìbéèrè "ṣé òótọ́ ni?" kì í wá sí i lọ́kàn rárá lásìkò tí ìka rẹ̀ wà lójú fóònù. Èyí tó máa ń wá sí i lọ́kàn ni "ta ló yẹ kó gbọ́ èyí?" Gordon Pennycook, David Rand àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ dán èyí wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Nature ní 2021. Nígbà tí wọ́n bi àwọn èèyàn tààrà pé èwo ni òótọ́ nínú àwọn àkọlé ìròyìn kan, ọ̀pọ̀ wọn mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Nígbà tí wọ́n wá bi wọ́n pé èwo ni wọ́n máa pín, jíjẹ́ tí ìròyìn náà jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ kó ipa kankan nínú ìdáhùn wọn. Àwọn olùwádìí náà tún kọ̀wé sí èèyàn tó lé ní 5,000 lórí Twitter, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn wo àkọlé ìròyìn kan ṣoṣo bóyá òótọ́ ni. Ìbéèrè kan yẹn tó láti mú kí ohun tí wọ́n ń pín lẹ́yìn ìgbà náà máa wá láti ibi tó ṣeé fọkàn tán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ti ẹ̀gbọ́n bàbá yín tún lé díẹ̀ sí i, nítorí ìtọ́jú ẹbí wà nínú rẹ̀. Àgbà tó rí ìkìlọ̀ tí kò sọ fún ọmọ ilé ni wọ́n máa bá wí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń kọ irọ́ mọ èyí ju àwa lọ. Ìdí nìyẹn tí "má ṣe dá èyí dúró sọ́dọ̀ rẹ, ó lè gba ẹ̀mí ẹnì kan là" fi máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 lórí Facebook ní Amẹ́ríkà lásìkò ìbò 2016 rí i pé àwọn tó ti lé ní ọdún 65 pín ayédèrú ìròyìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje ti àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà ló sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, tàgbà tèwe, ò pín ẹyọ kan. Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti ṣe é, ẹ má gbé e wá sí Ìbàdàn bó ṣe wà.

Ẹ tún wo ọwọ́ tí ìròyìn gbà dé. Nínú gúrúùpù ẹbí, ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ni a ń gbà gbọ́, a kì í wo ẹni tó kọ ọ́. Bàbá fi ránṣẹ́, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kí bàbá jẹ́ ẹni ọgọ́ta tí ọ̀rọ̀ náà gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. WhatsApp tilẹ̀ fi àmì sí i: ọfà kan pẹ̀lú "Forwarded" túmọ̀ sí pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́, ọfà méjì pẹ̀lú "Forwarded many times" túmọ̀ sí pé ó ti gba ó kéré tán ọwọ́ márùn-ún kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Láti oṣù Kẹrin 2020, èyí tó bá ní ọfà méjì kò ṣeé fi ránṣẹ́ sí ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kíyè sí àlàfo ibẹ̀ o: bí ẹnì kan bá da ọ̀rọ̀ náà kọ, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn, tàbí tó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀, ọfà á pòórá, ọ̀rọ̀ á wá dà bíi pé ẹnu bàbá gan-an ló ti jáde.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo wa mọ̀ ni omi iyọ̀ ọdún 2014. Ní 20 oṣù Keje ọdún náà ni Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Liberia. Ní 25 oṣù náà ló kú. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sí oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí, jìnnìjìnnì bo ìlú. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti fóònù dé fóònù pé kí oníkálukú fi omi gbígbóná tó ní iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu nínú rẹ̀. Àwọn kan ò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó pe ẹbí wọn jí lójú oorun. Kí oṣù náà tó dé ìdajì tán, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti kéde pé ó kéré tán èèyàn méjì ni ìròyìn sọ pé omi iyọ̀ mímu pa ní Nàìjíríà.

Gbogbo ohun tó ń mú irọ́ ta ló pé sínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀rù ti wà nílẹ̀. Àwọn aláṣẹ ò tíì ní oògùn tí wọ́n lè nawọ́ sí, nítorí náà àyè ṣófo, irọ́ sì jókòó síbẹ̀. Iyọ̀ wà ní gbogbo ilé ìdáná, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá tilẹ̀ ń ṣiyèméjì á ní "kí ló máa ṣe mí tí mo bá mu díẹ̀?" Ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò ti wọ́. Iyọ̀ tí WHO ní kí àgbàlagbà jẹ lóòjọ́ kò gbọ́dọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí kékeré kan tí a fi ń po tíì. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Bí èèyàn bá gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà, iyọ̀ tó pọ̀ lójijì nínú ẹ̀jẹ̀ á máa fa omi kúrò lára, títí kan ti ọpọlọ, ewu rẹ̀ sì le jù fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ó bá a. Òtítọ́ bá omi iyọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan péré, àwọn kan sì ti mu ún.

Irọ́ mìíràn wà tí kò nílò ẹ̀rù. Àsọtúnsọ ló fi ń jẹun. Láti 1977 ni Lynn Hasher, David Goldstein àti Thomas Toppino ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, bó jẹ́ òótọ́ bó jẹ́ irọ́, máa ń dún bí òótọ́ létí rẹ̀ ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ lọ. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ "Jubril láti Sudan". Ààrẹ Buhari lo oṣù bíi mélòó kan fún ìtọ́jú ní London ní 2017, ni wọ́n bá ní ó ti kú, pé ẹlòmíràn tó jọ ọ́ ló wà ní Aso Rock. Ọ̀pọ̀ tó pín in, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń rín. Ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í ka ẹ̀rín mọ́ ọn; orúkọ yẹn ló ń gbọ́ lójoojúmọ́. Nígbà tó di oṣù Kejìlá 2018, ní Kraków lórílẹ̀-èdè Poland, ààrẹ fúnra rẹ̀ ní láti dáhùn pé òun gan-an lòún. Nítorí náà, ẹ má fi irọ́ ránṣẹ́ sí gúrúùpù torí kí wọ́n lè bá yín fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìbínú àti ìyàlẹ́nu ló kù. Soroush Vosoughi, Deb Roy àti Sinan Aral ti MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, yẹ ìròyìn bíi 126,000 wò, tó rìn lórí Twitter láàárín 2006 sí 2017. Àǹfààní pé kí wọ́n tún irọ́ pín fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti òótọ́ lọ, òótọ́ sì ń lo àkókò tó tó ìlọ́po mẹ́fà kó tó dé ọ̀dọ̀ èèyàn 1,500. Wọ́n yọ àwọn àkáǹtì tí ẹ̀rọ ń darí kúrò nínú ìṣirò, ọ̀rọ̀ ò yí padà: àwa èèyàn náà ni. Ìdí tó fara hàn ni pé irọ́ máa ń jẹ́ ohun tuntun létí, ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu, ó sì máa ń kó o nírìíra. Òótọ́ kì í sábà ní adùn yẹn. Ní oṣù Kẹfà 2018 tí wọ́n pa èèyàn púpọ̀ ní ìpínlẹ̀ Plateau, àwòrán burúkú kún Facebook. Nígbà tí BBC wádìí wọn, fídíò kan tí wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti yà á jẹ́ ti Congo-Brazzaville ní 2012. Ìpànìyàn ti Plateau ṣẹlẹ̀ lóòótọ́; fídíò ni kì í ṣe tirẹ̀. Irú èyí ló ṣòro jù láti já, torí òótọ́ ló wé e lára.

Ó yá, ká bọ́ sórí líǹkì owó ìrànwọ́, torí òun ló ń kó owó àti ìsọfúnni lọ. Ká ní ohun tí bàbá fi ránṣẹ́ rí báyìí: "Ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín ₦50,000. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tèmi. Ẹ yára!" pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì yìí:

https://fgn-gov.ng.iranwo-owo.xyz/forukosile

Ẹ fojú fo https:// tó wà níwájú. Ẹ wá ilà dídà (/) kan ṣoṣo tó tẹ̀ lé e, èyí tó wà níwájú "forukosile". Láti ibẹ̀, ẹ máa kà padà sí apá òsì: "xyz", lẹ́yìn náà "iranwo-owo". Àwọn méjèèjì yìí ló sọ ẹni tó ni ín. Ohun tó wà lápá òsì wọn, "fgn-gov.ng", ọ̀ṣọ́ lásán ni, ẹni tó ra iranwo-owo.xyz lè kọ ohunkóhun síwájú rẹ̀, títí kan orúkọ báǹkì yín. Ojúlé ìjọba Nàìjíríà máa ń parí sí .gov.ng ṣáájú ilà dídà yẹn, kò ní sí nǹkan mìíràn láàárín wọn. Àgádágodo kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kò sọ pé olóòótọ́ ló wà níbẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ará ojú ọ̀nà ò lè rí ohun tí ẹ ń kọ. Olè náà lè gba tirẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó bá àmì ìjọba àti ìbéèrè mẹ́ta tó rọrùn, bíi ọjọ́ orí àti bóyá ẹ níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìdáhùn yòówù kí ẹ mú, wọ́n á kí yín kú oríire. Nísàlẹ̀, ẹ ó rí àwọn tó ń dúpẹ́ pé owó ti wọlé. Ẹ fọwọ́ kan orúkọ wọn, ẹ ó rí i pé kò lọ síbì kankan, torí wọ́n kàn tò ó síbẹ̀ ni. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ní kí ẹ pín in fún èèyàn 15 tàbí gúrúùpù márùn-ún títí ilà kan á fi kún. Lọ́pọ̀ ìgbà, iye ìgbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì ni ilà yẹn ń kà, kò mọ̀ bóyá ẹ fi ránṣẹ́ tàbí ẹ ò fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ "mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tèmi" sì ti wà nínú bọ́tìnnì yẹn tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i lórúkọ bàbá, wọn ò purọ́ fún yín. Ojúlé náà ló kọ ọ́, àwọn ṣì wà nídìí rẹ̀ tí wọ́n ń retí owó.

Lórí yíyẹ nǹkan wò, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ṣé gírámà rẹ̀ dára, ṣé lógò rẹ̀ mọ́, ṣé ó jọ ti gidi. Sam Wineburg àti Sarah McGrew ní Yunifásítì Stanford fi àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì síwájú àwọn onímọ̀ ìtàn tó ní oyè ọ̀mọ̀wé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Stanford àti àwọn tó ń fi yíyẹ ìròyìn wò ṣiṣẹ́ ṣe. Àwọn ọ̀mọ̀wé àti akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sójú ìwé náà, wọ́n kà á látòkè délẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ṣìnà. Àwọn ayẹ̀ròyìnwò kúrò níbẹ̀ kíá, wọ́n ṣí ojú ewé mìíràn, wọ́n lọ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ nípa ẹni tó ni ojúlé náà. Ìyẹn ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá yín dáadáa: ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ láti ka ìwé fínnífínní, bó ṣe ń ka ìwé nìyẹn, àwọn ayédèrú sì ti múra sílẹ̀ dè é.

Nítorí náà, ẹ jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ṣe kókó jù nínú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú Google, kí ẹ fi orúkọ Dubawa, Africa Check tàbí FactCheckHub kún un. Iṣẹ́ wọn ni láti yẹ irú rẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ti àrùn, ẹ lọ sójúlé NCDC. Bó bá jẹ́ ti oògùn tàbí oúnjẹ, ti NAFDAC. Ìkéde ìjọba tó kan gbogbo orílẹ̀-èdè kò lè wà lórí WhatsApp nìkan kí ilé ìròyìn kankan má gbọ́ ọ. Bí ẹ bá sì rí i níbẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ìròyìn ọ̀wọ́n epo tàbí ìyanṣẹ́lódì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn máa ń padà wá bíi tuntun torí pé "lónìí" ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò kọ ọjọ́.

Fún àwòrán, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù, ẹ ṣí áàpù Google, ẹ tẹ àmì kámẹ́rà tó wà nínú àpótí ìwákiri, kí ẹ mú àwòrán náà. Ẹ gé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ lé e lórí kúrò kí ẹ tó wá a, torí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń da ìwákiri rú. Lórí TinEye, ojúlé mìíràn tí a fi ń wá àwòrán, ẹ lè ní kí ó to èyí tó pẹ́ jù ṣíwájú. Bó bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Fídíò ò ṣeé wá bẹ́ẹ̀. Ẹ dá a dúró níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí pátákó, nọ́ńbà ọkọ̀ tàbí aṣọ ọlọ́pàá ti hàn, ẹ ya àwòrán ojú fóònù, kí ẹ wá ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ìyẹn ò sọ ọ́ di òótọ́. Ẹ ṣì di ọwọ́ mú. Ohùn tí wọ́n ká sílẹ̀ ló burú jù, ti "dókítà kan" tí kò sọ orúkọ rẹ̀ tàbí ilé ìwòsàn rẹ̀. Kò sí ibi tí ẹ ó ti wá a, ẹ̀rọ sì ti lè sín ohùn ẹni jẹ báyìí. Ohùn tí kò lórúkọ, ẹ má pín in. Bó bá jẹ́ ohùn ará ilé ló ń tọrọ owó, ẹ pè é padà sórí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Bíbá bàbá sọ̀rọ̀ wá kù. Ẹ má ṣe é nínú gúrúùpù. Ẹ kọ̀wé sí wọn níkọ̀kọ̀: "Ẹ káàárọ̀ sà. Mo rí ọ̀rọ̀ owó tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ ṣeun tí ẹ rántí wa. Mo wò ó lójúlé ìjọba, mi ò rí i. Àdírẹ́ẹ̀sì yẹn ò parí sí .gov.ng. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́?" Òótọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kí ẹ dárúkọ irọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sọ ìdí tó fi jẹ́ irọ́, kí ẹ tún fi òótọ́ parí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa sọ fún ẹbí pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí a bá tún àgbà ṣe, ṣe ló máa túbọ̀ rọ̀ mọ́ irọ́ náà. Thomas Wood àti Ethan Porter dán ìyẹn wò lórí ọ̀rọ̀ tó lé ní 50 láàárín èèyàn tó lé ní 10,000, wọn ò rí i. Ẹ sọ ọ́. Kódà, ẹ lè gbé iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́: ẹnikẹ́ni tó bá rí ohun tó fura sí, kó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí bàbá níkọ̀kọ̀. Iṣẹ́ yíyẹ ìwé wò ti mọ́ ọ̀gá ilé ìwé lára, ìbéèrè "ṣé òótọ́ ni?" á sì máa bá wọn jí lójoojúmọ́.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá ti tẹ líǹkì náà tó sì kọ nǹkan síbẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà káàdì tàbí PIN, ẹ pe báǹkì lórí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM, kí wọ́n dí i, kí ẹ tó yí PIN padà. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp fi ránṣẹ́ ni wọ́n gbà, ẹ tún nọ́ńbà fóònù náà forúkọ sílẹ̀ lórí WhatsApp lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìyẹn á lé ẹni yẹn jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Account, kí ẹ tan Two-step verification. Ọ̀rọ̀ tí bàbá fi sínú gúrúùpù ṣì ṣeé pa rẹ́ fún gbogbo èèyàn láàárín ọjọ́ méjì àti díẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́: kí wọ́n tẹ ìka mọ́ ọn, kí wọ́n mú Delete for everyone. Ẹni tó jẹ́ admin gúrúùpù náà lè bá wọn yọ ọ́.